Lẹ́tà Inú Báàgì Màmá

Títí di òní, bí mo bá rí báàgì dúdú, màmá tó ń fọ aṣọ pẹpẹ ìjọ wa ní Chadwell Heath, ní Lọ́ńdọ̀nù, ni mo máa ń rántí. Gbogbo lẹ́tà tó bá wọ ilé rẹ̀, á fi náílọ̀n wé e, á sì kì í bọ inú báàgì dúdú kan tó máa ń gbé káàkiri.

Opó ni. Nítorí pé òun nìkan ló ń gbé ilé, kánsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀, máa ń yọ ìdá kan nínú mẹ́rin kúrò nínú owó orí ilé rẹ̀. Nígbà tí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin wá bá a gbé, Màmá fúnra rẹ̀ ló wọ bọ́ọ̀sì lọ sọ fún wọn. Wọ́n kọ lẹ́tà sí i pé àwọn ti gbọ́ ohun tó wá sọ, ẹ̀dínwó náà sì dópin. Ẹ̀rín pa àwa ará ìjọ.

"Màmá, ta ló fẹ́ mọ̀ ká ní ẹ ò sọ?"

"Èmi ńkọ́? Àbí èmi kì í ṣe ènìyàn?"

Nígbà tó yá, àbúrò kó lọ sí Manchester. Màmá tún gbé báàgì, ó mú mi dání lọ sí kánsù kí wọ́n lè dá ẹ̀dínwó náà padà fún un. Ẹ̀dínwó yẹn ló fi ń san owó gáàsì nígbà òtútù.

"Tìjọba, kí ìjọba gbà á," ló wí nínú bọ́ọ̀sì. "Tèmi, n ò ní fi sílẹ̀ fún wọn."

Nígbà tí a dé ọ́fíìsì kánsù, ọmọbìnrin Yorùbá kan ló dá wa lóhùn. Ó béèrè ohun tó fi hàn pé àbúrò ti lọ lóòótọ́. Màmá rọra tú náílọ̀n, ó fa lẹ́tà tí kánsù kọ sí i lọ́jọ́sí yọ.

"Ọmọ mi, ta ló sọ fún yín pé ó wọlé?"

Ó ka lẹ́tà náà. "Ẹ̀yin ni, Mummy."

"Ẹni yẹn náà ló ń sọ fún yín pé ó ti jáde."

Ọmọ náà rẹ́rìn-ín, ó kọjú sí kọ̀ǹpútà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́.