Òdòdó Abẹ́ Kòkó Lábẹ́ Máńgòrò

Nígbà tí mo lọ kó ìyá bàbá mi kúrò ní abúlé wa lẹ́yìn Ìrókò, ẹrù wọn ò ju àpò ńlá kan lọ. Èyí tó kù wà nínú agolo mílíìkì: gbòǹgbò kan tó rí roboto bí àlùbọ́sà, tí wọ́n fi erùpẹ̀ dúdú àti ewé kòkó jíjẹrà bò. Orí itan wọn ni agolo yẹn wà títí a fi dé Olódò, níbi tí mò ń gbé. Nígbà tí awakọ̀ ní òun á bá wọn gbé e sí bọ́ọ̀tù, wọ́n ní, "Ṣé wọ́n ń gbé ọmọ sí bọ́ọ̀tù ni?"

Mi ò mọ orúkọ òdòdó náà. Òdòdó abẹ́ kòkó la máa ń pè é nílé wa. Tí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, á wọlẹ̀ pátápátá, ẹni tí kò mọ̀ á ní ó ti kú. Tí òjò àkọ́rọ̀ bá wá rọ̀, ọ̀pá kan á yọ láti inú ilẹ̀ láìsí ewé kankan lára ẹ̀, orí ẹ̀ á là sí òdòdó pupa tó tó orí ọmọ ọwọ́, tí gbogbo ẹ̀ dà bí irun tó nà ró. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ewé máa ń tẹ̀ lé e. Oòrùn ni kò fẹ́. Ewúrẹ́ kì í jẹ ẹ́. Ìyá àgbà ní ewúrẹ́ mọ ohun tó lè pa á.

Torí pé wọ́n ṣubú lọ́nà odò ni mo ṣe lọ kó wọn. Ilẹ̀ ni wọ́n wà títí ẹni tó ń lọ pọnmi fi bá wọn. Èmi tí mo ní màá máa wá wò wọ́n lóṣooṣù, ìgbà Iléyá nìkan ni wọ́n ń rí mi. Iṣẹ́ bíríkìlà ni mò ń ṣe, mo sì máa ń sọ pé iṣẹ́ ò jẹ́. Ìgbà míì, iṣẹ́ ni lóòótọ́. Ìgbà míì, kì í ṣe iṣẹ́.

Wọn ò kọ́kọ́ fẹ́ bá mi lọ. Wọ́n ní, "Ọkọ mi, màá gbin òdòdó mi sílé ẹ. Tó bá yọ lójò àkọ́rọ̀, ilẹ̀ ibẹ̀ gbà mí nìyẹn, mi ò lọ mọ́. Tí kò bá yọ, o ó dá mi padà sílé mi." Mo ní ó dáa. Mo mọ̀ pé tí wọ́n bá padà, àwọn nìkan ni wọ́n á tún máa dá gbé, ọ̀nà odò yẹn náà ni wọ́n á sì tún máa gbà.

Àgbàlá wa ò ní igi. Máńgòrò aládùúgbò wa ló na ẹ̀ka kọjá fẹ́ǹsì, tó ṣíji bo iwájú yàrá tí mo fi wọ́n sí. Ibẹ̀ ni wọ́n gbìn ín sí. Wọn ò jẹ́ kí n fi ọkọ́ kan ibẹ̀, ìka ni wọ́n fi wa ilẹ̀. Wọ́n wá kó ewé máńgòrò gbígbẹ lé e lórí. Wọ́n ní aṣọ ẹ̀ nìyẹn, tó bá sì jẹrà, oúnjẹ ẹ̀ náà nìyẹn.

Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni wọ́n gbé àpò wọn sí, wọn ò tú u. Búta ilé wa ni wọ́n fi ń ṣe àlùwàlá. Tiwọn wà nínú àpò.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ìyàwó mi gbá gbogbo ewé náà lọ.

Ọmọ Kérúbù ni ìyàwó mi, ìyá ẹ̀ sì ti kọ́ ọ láti kékeré pé áńgẹ́lì kì í wọ àgbàlá tó dọ̀tí. Yàtọ̀ síyẹn, ìyàwó wo ló máa jẹ́ kí ìyá ọkọ òun jí bá ewé lẹ́nu ọ̀nà? Kí ìyá àgbà tó jáde ṣe àlùwàlá, ó ti gbá ibẹ̀ mọ́, ipa ọwọ̀ á hàn nílẹ̀ gbọọrọ. Wọ́n á ní, "O ṣeun, ìyàwó. Ọmọ tìẹ náà á gbálẹ̀ fún ẹ." Tó bá ti lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹ̀, wọ́n á lọ sẹ́yìnkùlé níbi tó da pàǹtí sí, wọ́n á ṣa ewé náà sínú ìró, wọ́n á kó o padà. Tí ilẹ̀ bá tún mọ́, á tún gbá a.

Mo bi wọ́n léèrè ìdí tí wọn ò fi sọ fún un.

"Àlejò ni mí níbí," ni wọ́n wí. "Àlejò kì í ní kí onílé má gbálẹ̀. Ìwọ lo nilé, ìwọ ni kó o sọ ọ́."

Mo ní màá sọ ọ́. Mi ò sọ ọ́. Mi ò fẹ́ wàhálà, mo sì rò pé kí òjò tó dé, ọ̀rọ̀ náà á ti yanjú ara ẹ̀. Ọyẹ́ dé, ó bá ilẹ̀ yẹn ní ìhòòhò, ilẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í sán.

Lọ́jọ́ kan, ìyàwó mi gbàgbé kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù, ó padà wá, ó sì bá wọn lẹ́yìnkùlé.

"Ìyá, kí lẹ fẹ́ fi pàǹtí ṣe?"

"Mo fẹ́ fi bo nǹkan ni, ìyàwó."

"Nǹkan wo?"

"Bi ọkọ ẹ."

Àwọn méjèèjì wá bá mi níbi tí mo ti ń po sìmẹ́ǹtì tí mo fẹ́ fi rẹ́ ògiri balùwẹ̀. Mo rò ó fún ìyàwó mi látòkè délẹ̀: òdòdó, òjò, àdéhùn. Ó káwọ́ lérí.

"Ẹ mọ̀, ẹ wá ń wò mí bí mo ṣe ń gbá ìyá yín padà sábúlé láràárọ̀?"

"Má dá a lóhùn," ni ìyá àgbà wí. "Láti kékeré lẹnu ẹ̀ ti wúwo. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ló fúyẹ́, pàápàá tó bá fẹ́ sá fún iṣẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn áńgẹ́lì yín ńkọ́, ìyàwó? Wọn ò ní bínú sí ewé díẹ̀?"

"Wọ́n á fò ó kọjá, Ìyá. Ṣebí wọ́n ní ìyẹ́."

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Èmi ń po sìmẹ́ǹtì mi lọ. Lọ́jọ́ yẹn náà ni mo fi àjákù búlọ́ọ̀kù yí ibẹ̀ ká. Láti ìgbà náà, tí ìyàwó mi bá gbálẹ̀ dé ibẹ̀, inú búlọ́ọ̀kù yẹn ló ń da ewé máńgòrò sí.

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Nǹkan kan ò yọ. Ìyá àgbà bi mí bóyá páàkì àtijọ́ ni mótò Ìrókò ṣì ti ń gbérò. Mo ní mi ò mọ̀, mo sì mọ̀.

Òjò tún rọ̀. Láàárọ̀, ìyàwó mi pariwo, "Ìyá, ẹ wá wò ó!" Ewé méjì ló gún ilẹ̀ jáde, wọ́n ká bí ẹní. Kò sí òdòdó. Lábúlé, òdòdó ló máa ń ṣáájú.

"Àdéhùn ni pé kó yọ," mo ní. "Ó ti yọ."

Ìyá àgbà wò mí. "Ẹni tí kò lè lanu sọ̀rọ̀ ewé, ó ti wá mọ ẹjọ́ rò." Wọ́n fọwọ́ kan ewé náà. "Ara ẹ̀ ò tíì balẹ̀ ni."

"Tí ẹ bá wá lọ," ìyàwó mi dá a lóhùn, "ta ló máa tọ́jú ẹ̀ tó fi máa ní òdòdó? Ẹni yìí?"

Èmi ló nàka sí.

"Ìyẹn ò ní ṣe é," ni ìyá àgbà wí. "Màá dúró wo òjò àmọ́dún. Ìyàwó, bá mi tú àpò yẹn. Búta mi wà nísàlẹ̀."

Ìyàwó mi tú u. Ó fọ búta náà, ó bu omi sí i, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ búlọ́ọ̀kù. Èmi gbé síbíkò tí mo fi ń rẹ́ ògiri, mo gba ibi iṣẹ́ lọ.