Òórùn Tí Mi Ò Gbọ́

Mo ṣì máa ń rántí ẹ̀wù aláwọ̀ ewé tí káńsù fún mi lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wolé-wolé ní agbègbè Ajah. Ó tóbi jù mí lọ, apá rẹ̀ ń bò mí lọ́wọ́, síbẹ̀ àràárọ̀ ni mo ń lọ̀ ọ́ bíi pé mò ń lọ síbi ìgbéyàwó. Ìwé tí mo kà ò pọ̀. Òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀ ni mí, wọ́n ṣì ń wò mí bóyá wọ́n á gbà mí pátápátá, nítorí náà ohunkóhun tí ọ̀gá wa bá sọ, orí mi ti ń mì kí wọ́n tó sọ ọ́ tán.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé gọ́tà àti ilé ìdáná nìkan ni wolé-wolé ń yẹ̀ wò. Nígbà tí mo débẹ̀, òórùn ló pọ̀ jù nínú ẹjọ́ tí wọ́n ń gbé wá. Láti Lekki dé Ajah, ilé ti ń súnmọ́ ilé jù. Ẹni tó ti ń sin adìyẹ létí ọ̀sà láti ọjọ́ pípẹ́ kàn jí lọ́jọ́ kan, ó rí i pé ẹ̀sìtéètì ti bá òun dé ẹ̀yìn ilé, àwọn tó sì kó débẹ̀ ò fẹ́ gbọ́ òórùn adìyẹ. Káńsù wa ò ní ẹ̀rọ tó ń wọn òórùn. Imú ni ẹ̀rọ wa. Bí ọ̀gá ṣe là á kalẹ̀ nìyí: àwa mẹ́ta la ó jọ lọ, a ó dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, oníkálukú á kọ ohun tí imú rẹ̀ bá gbọ́ sórí ìwé, a ò sì gbọ́dọ̀ bára wa sọ̀rọ̀. Bí ti ẹni méjì bá bára mu, a ó fún ẹni tó ni òórùn náà ní ìwé ìkìlọ̀ ọlọ́jọ́ méje. Tí ọjọ́ bá pé tí kò ṣàtúnṣe, àgádágodo ló kàn.

Ìgbà ọyẹ́ ni akọ̀wé ẹ̀sìtéètì kan tó wà nítòsí ọ̀sà gbé lẹ́tà wá. Ó ní àwọn ò lè ṣí fèrèsé mọ́, pé ìyá kan tó ń yan ẹja lẹ́yìn ògiri àwọn ló fà á. Ọmọ ìlú ibẹ̀ ni ìyá náà. Ẹja ọbọ̀kún àti ẹ̀pìyà tí àwọn ọmọ bàbá rẹ̀ ń pa lọ́sà ló ti ń yan nínú àtíbàbà páànù onílẹ̀kùn kan, kí ẹnikẹ́ni tó mọ ògiri kankan síbẹ̀. Àwọn ilé oúnjẹ ní Ado Road ló ń rà á lọ́wọ́ rẹ̀. Òun là ń pè ní Ìyá Ẹlẹ́ja.

Ọ̀gá, èmi, àti àǹtí kan tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ náà jù mí lọ la jọ lọ. Ohun tí mi ò sọ fún wọn ni pé ọ̀fìnkìn ti dí imú mi pa láti ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn. Bí wọ́n bá fi àlùbọ́sà gígé ra mí nímú lọ́jọ́ náà, mi ò ní mọ̀. Mo dúró pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, mo ń mí sókè mí sílẹ̀ bí ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe. Ẹ̀rù ń bà mí pé tí mo bá sọ òótọ́, wọ́n á ní wolé-wolé wo ni kò ní imú. Mo bá yọjú wo ìwé ọ̀gá. Wọ́n ti kọ “ẹja” síbẹ̀. Èmi náà kọ “ẹja”. Nígbà tí a kó ìwé jọ, “ṣáláńgá” ni àǹtí kọ. Wọ́n wo ìwé mi, wọ́n tún wo ti ọ̀gá. Méjì bára mu, ó tán.

Láàárín ọjọ́ méje yẹn, Ìyá Ẹlẹ́ja wá bẹ ọ̀gá ní káńsù. Ó ní òun ti pe bíríkìlà tó máa gbé ọ̀nà èéfín òun ga sí i, kí wọ́n fún òun ní ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀gá ní àwọn ará ẹ̀sìtéètì ò jẹ́ kí fóònù àwọn sinmi. Nígbà tí ọjọ́ pé, èmi ni wọ́n rán lọ ti ilẹ̀kùn. Ẹja ṣì wà lórí ààrò, iná ò tíì jẹ dénú rẹ̀.

Ìyá náà ní, “Ọmọ mi, jẹ́ kí n kó tibí yìí kúrò ná. Àwọn tó ni ín ń dúró.”

Mo tún apá ẹ̀wù mi ká. Mo ní, “Mọ̀mí, ẹ wá sọ ọ́ ní káńsù. Òfin ni.”

Mo da omi síná, mo ti ilẹ̀kùn, mo fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Inú mi tiẹ̀ dùn bí mo ṣe ń padà lọ.

Ọjọ́ kẹrin tí mo ti ilẹ̀kùn náà ni imú mi là. Mo gba ibẹ̀ kọjá lọ́sàn-án, òórùn kan sì gbá mi lójú, àfi bíi pé ẹnì kan fọ́ mi létí. Ẹja tí mo tì mọ́lé ti rà. Àtíbàbà tí kò ṣẹ ẹnikẹ́ni ti wá ń rùn lóòótọ́, èmi ni mo sì sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òórùn mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀, èyí tí àǹtí kọ sílẹ̀. Mo tẹ̀lé e lọ dé gọ́tà ńlá tó wà lẹ́yìn ẹ̀sìtéètì. Omi inú rẹ̀ dúdú. Máigádì tó wà ní gẹ́ẹ̀tì ẹ̀yìn bú sẹ́rìn-ín nígbà tí mo bi í. Ó ní ṣé mi ò mọ̀ ni, ọkọ̀ tó ń fa ṣáláńgá àwọn ọ̀gá òun ló ń dà á síbẹ̀, pé dírẹ́bà ò fẹ́ rìn jìnnà.

Mo padà sọ́fíìsì, mo kúnlẹ̀. Mo ní, “Ọ̀gá, imú mi dí lọ́jọ́ yẹn. Mi ò gbọ́ òórùn kankan. Ìwé yín ni mo wò.”

Àǹtí ló sọ̀rọ̀. “Mo rí ẹ nígbà tí ò ń wò ó,” ni wọ́n wí. “Mo rò pé wàá sọ fúnra rẹ.”

Ọ̀gá ò lé mi. Wọ́n ránṣẹ́ pe ẹ̀sìtéètì, wọ́n gbẹ́sẹ̀ lé ọkọ̀ náà, wọ́n sì kọ lẹ́tà mìíràn tó sọ pé Ìyá Ẹlẹ́ja ò jẹ̀bi. Èmi ni mo lọ ṣí ilẹ̀kùn. Ìdin ti bo orí ààrò. Mo bọ́ ẹ̀wù káńsù, mo kó gbogbo rẹ̀ sin, mo fi ọṣẹ fọ páànù kan lẹ́yìn òmíràn. Ìyá náà jókòó sórí garawa, ó ń wò mí. Mo tọrọ àforíjì, mo sì ṣàlàyé bó ṣe jẹ́.

Ó ní, “Ẹ̀yin mẹ́ta ẹ wá gbóòórùn. Kò sí ẹni tó bi mí pé kí ni èmi ń gbọ́. Àtọdún tó kọjá ni mo ti ń gbọ́ òórùn ìgbẹ́ wọn.”

Ó tún iná dá, ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà rẹ̀ ti gbọ́ pé káńsù ti ibẹ̀ pa nítorí òórùn, àwọn kan sì ti gbọ́ òórùn náà fúnra wọn. Lẹ́tà káńsù wà nínú fáìlì. Àwọn tó ń ra ẹja kì í ka fáìlì káńsù.

Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń lọ sí Ado Road ní gbogbo Sátidé báyìí, láìwọ ẹ̀wù káńsù. Mo máa ń wọ ilé oúnjẹ kan jáde sí òmíràn, mo ń sọ fún wọn pé èmi ni mo jẹ́ kí ẹja náà rà. Àwọn kan á rẹ́rìn-ín. Àwọn kan á ní kí n kúrò níwájú àwọn oníbàárà àwọn. Títí di ìsinsìnyí, obìnrin kan ṣoṣo ló ti padà lọ rà lọ́wọ́ rẹ̀, ìyẹn náà sì kọ́kọ́ gbé ẹja náà sí imú, ó gbóòórùn rẹ̀ títí, kó tó sanwó. Mo dúró níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ìyá Ẹlẹ́ja ò wojú mi. Ọwọ́ obìnrin yẹn ló ń wò, bó ṣe ń gbé ẹja kọ̀ọ̀kan sókè.