Ohun Tó Wà Lábẹ́ Àgbọn Ìyá Ẹ̀bùn

A kò tíì ṣiṣẹ́ pẹ́ ní Warri tí mo fi dójú ti ara mi. Mo rí erùpẹ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó dúdú kirikiri, ó rí róbótó, inú mi sì dùn débi pé mo pariwo. Mo ní ibi tí àwọn ará àtijọ́ ti ń rọ irin nìyí! Mo kúnlẹ̀, mo ń fi búrọ́ọ̀ṣì gbọ́n ọn díẹ̀díẹ̀, àfi bí Efe, olórí àwọn tó ń bá wa gbẹ́lẹ̀, ṣe yọjú wò ó tó ní, "Madam, na tyre dem burn there for Christmas o." Táyà! Mo wò ó dáadáa, wáyà táyà náà ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí a fi ṣíwọ́ iṣẹ́, èmi náà sì ń bá wọn rẹ́rìn-ín, nítorí kí ni mo fẹ́ ṣe?

Iṣẹ́ awalẹ̀pìtàn ni mò ń ṣe. Tí wọ́n bá fẹ́ fẹ ọ̀nà, àwa ló yẹ kó kọ́kọ́ débẹ̀ kí katakata tó dé. A ó tò lórí ìlà kan, a ó máa rìn jẹ́jẹ́, ojú wa á wà nílẹ̀. Ibi tó bá mú ìfura dání, a ó ri àsíá pélébé mọ́ ọn, a ó gbẹ́ ihò kékeré síbẹ̀, a ó wá jọ erùpẹ̀ rẹ̀ bí ẹni ń jọ èlùbọ́. Ohun tó bá kù nínú ajọ̀ la fi ń mọ irú ẹni tó ti gbé ibẹ̀ rí. Ohun tí a kò bá kó jáde, ọ̀dà títì ni yóò bò ó, ó sì parí nìyẹn.

Ìyá mi máa ń sọ pé tí wọ́n bá ń gbẹ́ sàréè, èmi ni n ó fẹ́ mọ ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Kò parọ́ mọ́ mi. Ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ fẹ̀ yẹn, lẹ́yìn àdúgbò Okere lọ́hùn-ún, tó já sí etí odò, ó dùn mọ́ mi ju oúnjẹ lọ. A rí ìkarahun, a rí àfọ́kù ìkòkò àti ìkòkò tábà tí ẹnu rẹ̀ ti ṣẹ́. A rí ẹ̀gbà idẹ kan, irú èyí tí wọ́n ń ná bí owó láyé àtijọ́. Ta ló sọ ọ́ nù? Ṣé ó wá a títí? Ṣé ẹni tó ń sá lọ ni? Tí mo bá dé yàrá tí mo gbà sí nítòsí Jakpa Road lálẹ́, irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ ni kì í jẹ́ n tètè sùn.

Ibì kan ṣoṣo ni wọn kò jẹ́ ká gbẹ́. Ilé pákó kan wà létí odò náà, ilé Ìyá Ẹ̀bùn, obìnrin Ìlàjẹ kan tó ń yan ẹja. Igi àgbọn kan dúró níwájú ilé yẹn, àwọn tó ń fẹ ọ̀nà sì ti fi àmì pupa sára igi àti ilé náà pé wọn yóò gé igi, wọn yóò sì wó ilé. Tí a bá ti sún mọ́ igi yìí báyìí, ìyá á dìde.

"Mama, abeg, small hole," ni Efe ń bẹ̀ ẹ́.

"No small hole, no big hole."

Ni mo bá lọ kí i fúnra mi. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà." Ó gbé ojú sókè.

"Ṣé ọmọ wa ni ọ́?"

"Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, mà."

Ó fún mi ní àpótí, mo jókòó, mo ń bá a yí ẹja padà lórí àgbá. Tí Ìlàjẹ rẹ̀ bá ti ki jù fún mi, a ó bọ́ sí Pidgin, a ó tún padà sí Yorùbá. Ara mi ò gbà á mọ́. "Mà, kí ló wà lábẹ́ igi yìí?"

"Igi ni."

"Mo rí i pé igi ni, mà. Abẹ́ ẹ̀ ńkọ́?"

"Ìwọ ọmọ yìí, ìtọpinpin ẹ pọ̀ o!" Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà tún kọjú sí ẹja. Nígbà tó ṣe, òun fúnra rẹ̀ ló ṣí ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀bùn ni ọmọ kan ṣoṣo tó bí. Ẹ̀bùn bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ sójú òkun láti pẹja, ọkọ̀ wọn kò sì padà wálé. Ìjì ni o, ẹ́ńjìnnì ló kú ni o, kò sẹ́ni tó mọ̀. Wọn kò rí òkú, wọn kò rí pákó ọkọ̀. Àwọn aládùúgbò ní sàréè àwọn èèyàn wọn níwájú ilé. Ẹ̀bùn kò ní.

"Ọjọ́ tí mo bí i ni bàbá ẹ̀ gbé ibi ọmọ sínú ìkòkò, ó sin ín síbẹ̀ yẹn, ó gbin àgbọn lé e lórí. Gbogbo ohun tó kù fún mi lára ọmọ mi lórí ilẹ̀ nìyẹn. Tí wọ́n bá fi katakata hú u, ibo ni kí n kọjú sí sunkún?"

"Ẹ ò ṣe sọ fún àwọn tó wá sàmì sí igi, mà?"

"Kí n sọ pé kí ni? Wọ́n á ní mò ń bọ nǹkan, èmi tí mo jẹ́ ìyá ìjọ."

Omi bọ́ lójú mi, kì í ṣe èéfín ẹja. Mo ní a lè gbẹ́ ẹ jáde kí katakata tó dé, ṣùgbọ́n mo sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún un pé ọjọ́ ti pẹ́, ó lè jẹ́ erùpẹ̀ lásán la ó bá níbẹ̀. Ó ní, "Erùpẹ̀ náà ni kí o bá mi gbé jáde."

Mo gba ọ̀dọ̀ ẹnjiníà tó ń darí iṣẹ́ ọ̀nà náà lọ. Èkó ló ń gbé, kì í ṣe èèyàn burúkú, ìkánjú ló pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Sàréè tó bá bọ́ sójú ọ̀nà, wọ́n máa ń fi ọ̀wọ̀ gbé e kúrò. Ṣùgbọ́n ibi ọmọ kì í ṣe sàréè, ni mo bá ní kó jẹ́ ká kọ ọ́ sílẹ̀ bí ohun àtijọ́.

"Madam, ṣé ibi ọmọ náà ti di ohun àtijọ́ ni?"

"Ẹnjiníà, ta ni awalẹ̀pìtàn nínú àwa méjèèjì?"

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó họ orí. "Tèmi wà lábẹ́ igi ọsàn kan n'Íjẹ̀bú. Ó dáa, ẹ gba àárọ̀ ọ̀la. Tó bá ti di ọ̀sán, katakata ń bọ̀ o."

Bí ilẹ̀ ṣe mọ́, Efe gé àgbọn náà, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìdí rẹ̀. Gbòǹgbò àgbọn kì í tóbi, ṣùgbọ́n ó pọ̀, ó lọ́ mọ́ra wọn bí àwọ̀n tó ta kókó. A ń fi ayùn rẹ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. A gbẹ́ dé ibi tí ìkòkò yẹ kó wà, a kò rí nǹkan kan. Ìyá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wá. A ti ń gbọ́ ohùn katakata lókè títì.

Efe nu ojú. "Madam, e no dey."

Mo wọnú ihò náà fúnra mi. Ilẹ̀ tí wọ́n bá ti gbẹ́ rí, bí wọ́n dí i títí, àwọ̀ rẹ̀ kì í padà sí ti tẹ́lẹ̀. Mo fi tírówẹ̀lì ha ògiri ihò, irú tírówẹ̀lì tí bíríkìlà fi ń rẹ́ ilé, mo sì rí ìlà dúdú kan tó ń lọ sísàlẹ̀, kò dúró níbi tí àwa dúró sí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wá yé mi. Ilẹ̀ etí odò ni, omi máa ń kún ibẹ̀ lọ́dọọdún. Bàbá Ẹ̀bùn ti gbẹ́ ẹ jìn, jìn gan-an, kí omi má baà gbé e lọ.

"Efe, gbẹ́ sí i! Dig am go down!"

A bá a. Gbòǹgbò ti fọ́ ìkòkò náà, gbòǹgbò yìí kan náà ló sì dì í mú tí kò fi tú ká. Erùpẹ̀ dúdú múlọ́múlọ́ ló wà nínú rẹ̀. Nínú iṣẹ́ wa, ìkòkò tí a bá bá nílẹ̀, a gbọ́dọ̀ bu díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò. Mo ti fa ọ̀rá kékeré yọ lápò. Mo wo ìyá, mo dá a padà. Ọlọ́run mọ̀ pé ó wù mí láti mọ̀, àmọ́ èyí kì í ṣe tèmi.

Ìyá tẹ́ aṣọ funfun sórí itan, mo gbé ìkòkò náà lé e. Ìgbà tó kó lọ sí ilé tuntun, tó jìnnà sódò, ó ránṣẹ́ sí àwọn ará ìjọ rẹ̀ fúnra rẹ̀. "Ẹ wá bá mi sin ọmọ mi," ló ní kí wọ́n sọ. Mo rò pé wọ́n máa bi í léèrè ọ̀rọ̀. Wọ́n wá pẹ̀lú ìwé orin lọ́wọ́, kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan. Èmi àti Efe wà níbẹ̀, ẹnjiníà náà dúró lẹ́yìn, ó ti ṣí akẹtẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe fẹ́ gbé ìkòkò náà sọ kalẹ̀, bàbá àgbàlagbà kan rọra sún mọ́ ìyá. "Ẹ wọlé, Ìyá Ẹ̀bùn. Òbí kì í rí sàréè ọmọ ẹ̀."

Ìyá Ẹ̀bùn mirí. "Òkun ti sin ọmọ mi, kò pè mí. Ẹ jẹ́ kí n sin èyí."

Bàbá náà yà fún un. Ìyá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó bu erùpẹ̀ ẹ̀kúnwọ́ kan, ó dà á sórí ìkòkò náà. Ó fi Ìlàjẹ rẹ̀ sọ pé, "Ẹ̀bùn, ọma mi, ó dàárọ̀ o." Ìgbà yẹn ló tó bú sẹ́kún.