Ọwọ́ Màmá Lábẹ́ Fèrèsé

Ẹfun là ń kùn lọ́jọ́ náà. Bàbá àgbà bàbá mi ló fi òkúta kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa nígbà tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá tẹ̀dó sí abúlé kan tí kò jìnnà sí Minna. Lọ́dọọdún, kí ìkórè tó dé, ìdílé wa ló máa ń kun ògiri rẹ̀. A kì í bẹ ọlọ́dà. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà náà.

Oòrùn ò tíì kanrí tí a gbọ́ ìró alùpùpù. Ìbọn tẹ̀ lé e. Obìnrin kan sá kọjá, ó ń ké, "Wayyo Allah! Àwọn agbébọn ti dé!"

Àwọn aládùúgbò gba ọ̀nà igbó. Àwa náà ìbá tẹ̀ lé wọn, ṣùgbọ́n bàbá mi nawọ́ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

"Ẹ wọlé! Ọta ìbọn wo ló máa dá ògiri yìí lu?"

Òótọ́ ló sọ. Ọta kan ò wọlé. Wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ wa látìta, wọ́n tiná bọ òrùlé, ògiri tí à ń fi yangàn sì há wa mọ́ àárín iná. Títí dòní ni mo ń bínú sí bàbá mi, kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Fèrèsé kan ló ṣí, ó ga, ó sì há. Èmi nìkan ló lè gba ibẹ̀. Màmá gbé mi sókè.

"Màmá, ẹ̀yin ńkọ́?"

"Bọ́ sílẹ̀! Má wẹ̀yìn."

Mo wẹ̀yìn. Ó ti na apá jáde, ọwọ́ rẹ̀ tí èédú bò sì tẹ ẹfun tútù tí mo kùn láàárọ̀. Ìka márààrún hàn. Lẹ́yìn náà òrùlé wó.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi sá pamọ́ sínú oko ọkà bàbà, iṣu tútù ni mò ń jẹ. Nígbà tí mo padà, àkùkọ kan ò kọ lábúlé. Ilé wa ti jóná tòun ti gbogbo fọ́tò. Ọwọ́ ara ògiri yẹn nìkan ló kù nínú Màmá.

Ọdún ti gorí ọdún. Tunga Low Cost ní Minna ni mò ń gbé báyìí. Jóẹ́lì àbúrò mi, tó wà nílé ìwé ní Minna lọ́jọ́ náà, pè mí láti Bosso lóṣù tó kọjá.

"Àǹtí mi, a ti tún ṣọ́ọ̀ṣì ṣe o! Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á máa wá wò ó, kí wọ́n lè mọ ìtàn. A ti kùn ún, ó funfun báláú."

"Títí kan abẹ́ fèrèsé?"

"Ibẹ̀ gan-an la kọ́kọ́ kùn. Ó ti dọ̀tí jù."

Ìdọ̀tí. Èmi ni mi ò sọ fún un rí pé ọwọ́ Màmá ni. Ẹnu mi ò gbà á.

Mo lọ síbẹ̀, Jóẹ́lì sì tẹ̀ lé mi. Orúkọ ẹni tó kọ́lé wà lára pátákó, kò sí orúkọ ẹni tó kú níbẹ̀. Mo nawọ́ sábẹ́ fèrèsé, mo ń fi èékánná họ ọ́.

"Àǹtí, kí lẹ̀ ń wá?"

Mo ń họ ọ́ lọ. Ẹfun tuntun ń jábọ́, ti ọjọ́sí sì ń bá a jábọ́ pẹ̀lú dúdú ara rẹ̀. Ìgbà tí mo kan òkúta ni mo tó mọ ohun tí mo ṣe. Mo ṣa ẹ̀rún rẹ̀ nílẹ̀, mo dì í sí etí ìborùn mi, mo sì nà án sí Jóẹ́lì.

"Màmá rẹ nìyí."