Eérú Lábẹ́ Ọkọ̀ Súbérù

"Ṣé bàbá rẹ mọ̀ kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ náà?"

Súbérù ló bi mí bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé wa ní Ẹ̀pẹ́, ní ọjọ́ kẹrin tí bàbá mi ti bá wọn lọ. Iyanrìn Ìkòròdú ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kò kí mi, kò sì jókòó sórí àpótí tí mo gbé fún un. Kí n tó sọ èsì tí mo fún un, ó yẹ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí bàbá mi jẹ́, nítorí àwọn tó mọ̀ wọ́n ti ń tán lọ.

Sàlàkọ́ ni orúkọ wọn. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n wá ibi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń jò, kí wọ́n sì dí i. Wọn kì í gbẹ́ ọkọ̀, wọn kì í tukọ̀, ẹja pàápàá, ọjà ni a ti ń rà á. Àwọn apẹja a máa fi wọ́n ṣẹ̀fẹ̀ pé, "Bàbá Eléérú, ẹ̀yin tí ẹ kì í lọ sójú ọ̀sà, ẹ̀yin náà lẹ wá mọ ibi tí omi ń gbà." Bàbá á ní, "Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ, ṣé ẹ dúró bi omi náà rí?"

Eérú ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Bí ẹnì kan bá gbé ọkọ̀ tó ń jò wá, wọ́n á ní kí ó gbé e lé ìtì igi mẹ́ta létí omi, kí ènìyàn lè rá wọ abẹ́ rẹ̀. Wọ́n á nu ara ọkọ̀ náà títí yóò fi gbẹ. Èmi á wá fi eérú àdògán, tí mo ti jọ̀ kúnná, kùn ún láti orí dé ìdí. Ìgbà náà ni a ó tó rọ omi sínú rẹ̀. Omi tí ì bá wọlé láti ìta, inú ni yóò ti máa wá ọ̀nà jáde. Ibi tí eérú bá ti dúdú, ibẹ̀ ni ihò wà. Bàbá mi kì í sọ̀rọ̀ nígbà tí wọ́n bá ń dúró de eérú. Wọ́n ní eérú kò mọ olówó, kò mọ tálákà, kò sì mọ ẹni tó ń kánjú.

Mo ti lọ́kọ, ọkọ mi ti kú, mo ti padà sílé wọn, kí n tó kíyè sí i pé ojú wọn ń lọ. Omi àlùwàlá ni mo fi mọ̀. Ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ ni wọ́n ń da omi sí, kì í ṣe ọwọ́. Mo kàn ń sún bùtà mọ́ wọn lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ń ṣe nídìí ọkọ̀. Ibi tí eérú bá ti dúdú ni mo máa ń dúró sí, wọ́n á gbọ́ ibi tí ẹsẹ̀ mi dúró, wọ́n á sì na ọwọ́ síbẹ̀. A kò fi ẹnu sọ ọ́ láàrin ara wa rí.

Ọdún kọkànlá tí àwọn ará Èkó ti sá fún àgbá òyìnbó wá bá wa ní Ẹ̀pẹ́ ni ọ̀nà ṣí fún wọn láti padà. Àwọn tó ń ka ọdún bí òyìnbó pè é ní 1862. Súbérù wà lára wọn. Ó ní ọkọ̀ ìrókò kan tó fi gbé ìyá rẹ̀, Mùlíkátù, wá nígbà ìsáǹsá náà. Láti ìgbà náà ni ọkọ̀ ọ̀hún ti wà lábẹ́ àtíbàbà, tí ewúrẹ́ ń bímọ sínú rẹ̀. Ìyá ní òun náà ni òun yóò wọ̀ padà, òun kò ní wọ òmíràn.

"Bàbá, ẹ bá wa dí i ní ọjọ́ méjì," ni Súbérù wí. "Àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta ni àwọn èèyàn wa ń gbéra."

"Igi tó ti gbẹ láti ọdún mọ́kànlá, ọjọ́ méje ni yóò fi mu omi kó tó wú padà," ni bàbá mi wí. "Bí a bá dí i ní gbígbẹ, ọjọ́ tó bá wú ni yóò ti ohun tí a fi dí i jáde."

"Ọjọ́ méje! Ẹ̀yin ará Ẹ̀pẹ́, bí ẹ ṣe ń wẹ ọkọ̀, àfi bí ẹni ń wẹ òkú."

Àwọn tó dúró rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. "Súbérù," ni ó wí, "mú òkú kúrò lẹ́nu rẹ."

Bàbá gbà fún ọjọ́ mẹ́rin. Kò yẹ kí wọ́n gbà. Ṣùgbọ́n oṣù méjì ni ẹnikẹ́ni kò ti gbé ọkọ̀ wá bá wa, nítorí ọ̀rọ̀ ojú wọn ti ń rìn létí omi. A fi òkúta rì í sínú omi. Nígbà tí a gbé e jáde, eérú fi sísán méjì hàn wá lẹ́gbẹ̀ẹ́, àti ibì kan ní ìdí ọkọ̀ tó ti jẹrà, tó tó àtẹ́lẹwọ́. A fi òwú àti oje igi gbígbóná dí àwọn sísán náà. Èyí tó jẹrà, bàbá gé e kúrò, wọ́n tẹ́ òwú síbẹ̀, wọ́n fi awẹ́ pákó bò ó, wọ́n kàn án ní ìṣó. Mo rí i pé ìṣó méjì ṣẹ́rí. N kò sọ̀rọ̀.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, a tún gbé e lé ìtì igi, a kùn ún, a rọ omi sí i. Èrò yí wa ká. Bàbá rá wọ abẹ́ rẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ wò ó láti orí dé ìdí, èmi náà ń tẹ̀lé wọn. Gbogbo rẹ̀ funfun. Wọ́n jáde, wọ́n gbọn ọwọ́, wọ́n ní, "Ó gbẹ. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run."

Súbérù figbe ta. "Ẹ gbọ́ o! Àwọn kan ní Bàbá Eléérú kò ríran mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ríran, èwo lẹ dí nínú rẹ̀?"

Ìgbà náà ni mo tún bẹ̀rẹ̀ wo ìdí ọkọ̀. Lábẹ́ awẹ́ pákó tí bàbá kàn, eérú ti dúdú. Kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Bí mo ti ń wò ó ló ń gùn, bí tìróò tí omijé gbé sọ̀ kalẹ̀ lójú obìnrin.

"Bàbá," mo wí.

Gbogbo wọn kọjú sí mi. Bàbá náà kọjú, ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n kọjú sí kì í ṣe ibi tí mo wà.

"Kí ló dé, Sìlífátù?"

"Kò sí, bàbá. Mo ní kí n da omi náà nù ni."

Mo sì dà á nù. Etí ìró mi ni mo fi nu eérú ibẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun àárọ̀, mo kúnlẹ̀ lórí ẹní bàbá mi, mo sọ ohun tí mo rí.

"Kí ló dé tí o pa á mọ́?"

"Ojú yín ni gbogbo wọn ń wò, bàbá."

"Ṣé ojú mi ni wọ́n máa wọ̀ lọ sí Èkó?"

Wọ́n dìde. Mo di ọwọ́ wọn mú títí dé èbúté. Ọkọ̀ tó kù ti lọ. Súbérù ti to ẹrù, ènìyàn mẹ́sàn-án ti wà nínú ọkọ̀, ìyá rẹ̀ sì ti fi ìborùn bo orí nítorí ìrì.

"Súbérù, sọ ẹrù kalẹ̀," ni bàbá mi wí. "Mo fẹ́ tún un wò."

"Lẹ́yìn tí ẹ ti ní ó gbẹ lójú gbogbo ayé? Bàbá, bí owó kò bá tó yín, ẹ wí."

Mo dúró de kí wọ́n sọ ti ojú wọn. Mo gbà pé àwọn náà ń dúró de kí èmi sọ ọ́. Tàwàkálítù, aládùúgbò wa, ń ṣan igbá tó fi ń sẹ́ ògì létí omi. Bàbá na ọwọ́.

"Yá mi ní igbá yẹn."

"Igbá oúnjẹ mi ni o, bàbá. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́."

"N ó dá a padà."

Bàbá wọ inú ọkọ̀, wọ́n lọ jókòó ní ìdí rẹ̀. Súbérù rẹ́rìn-ín. "Bàbá fẹ́ jẹ ẹja Èkó!" Súbérù àti àwọn èèyàn rẹ̀ ti ọkọ̀ sínú omi. N kò gbọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu bàbá mi mọ́ láyé.

Ohun tó kù, Súbérù ló sọ ọ́ fún mi lórí ìdúró. Wọ́n ti kọjá Ẹ̀jìnrìn kí atẹ́gùn tó dé. Ní ọ̀kánkán Agbówà, omi ti dé ọrùn ẹsẹ̀ àwọn tó wà lẹ́yìn. Bàbá fi gìgísẹ̀ tẹ awẹ́ pákó náà mọ́lẹ̀, wọ́n sì ń fi igbá gbọ́n omi dànù. Ẹnì kan ní kí wọ́n jẹ́ kí òun gbà á. Wọ́n ní bí àwọn bá fi lè ṣí ẹsẹ̀ kúrò, awẹ́ náà yóò ṣí, kí wọ́n kàn máa tukọ̀. Láti Agbówà títí dé Ìkòròdú, ọwọ́ wọn kò dúró. Nígbà tí ọkọ̀ gbá ilẹ̀, tí wọ́n ti gbé ìyá sọ̀ kalẹ̀, bàbá mi béèrè pé, "Àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ti bọ́ sílẹ̀?"

"Wọ́n ti bọ́ sílẹ̀, bàbá."

Bàbá mi gbé ẹsẹ̀ kúrò. Omi rú wọlé. Wọ́n jókòó sínú rẹ̀, wọn kò sì dìde. Àwọn èèyàn gbé wọn jáde, ṣùgbọ́n àárẹ̀ ti pọ̀ jù, àyà wọn kò gbà á mọ́. Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, wọ́n ti kírun sí wọn lára ní Ìkòròdú, wọ́n sì sin wọ́n síbẹ̀. Igbá náà bá omi lọ.

"Ṣé wọ́n mọ̀?" Súbérù tún bi mí.

"Èmi ni mo mọ̀," mo wí. "Láti ọ̀sán ọjọ́ Jímọ̀. Èmi ni mo nu eérú náà. Àárọ̀ tí ẹ ń lọ ni mo tó sọ fún wọn."

"Ọmọ mi méjì wà nínú ọkọ̀ yẹn, Sìlífátù."

"Mo mọ̀."

Ó yípadà, ó lọ. N kò rí i mọ́.

Tàwàkálítù kò béèrè igbá rẹ̀. Ó ń yá igbá ẹlòmíràn sẹ́ ògì, ó sì ń kí mi láràárọ̀. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ dé, mo gbin igbá sẹ́yìn ilé. Èyí tó kọ́kọ́ so kéré, n kò mú un. Ní ọdún kejì, ọ̀kan tóbi tó. Mo là á, mo rẹ ẹ́, mo ha inú rẹ̀, mo sá a gbẹ. Mo fi eérú kùn ún lẹ́yìn, mo rọ omi sí i, mo sì jókòó tì í láti ìyálẹ̀ta títí di ìgbà tí wọ́n pe ìrun ọ̀sán. Eérú náà funfun.

Mo gbé e lọ fún un.

"Ta ló bi ọ́ léèrè igbá?" ni Tàwàkálítù wí.

"Bàbá ní àwọn á dá a padà."

Ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó nu eérú ẹ̀yìn rẹ̀ nù, ó sì da ògì sínú rẹ̀.