Bọ́ńpà Méjèèjì

Ẹ bá mi wí tẹ́ ẹ bá fẹ́, ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mọ irú agídí tó wà lára bàbá mi. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi wa ọkọ̀ akẹ́rù. Má-fọwọ́-kàn-án ni àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ wọn ń pè wọ́n, torí kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kan ọkọ̀ wọn tí kò ní gbọ́ ẹnu wọn. Bí ẹyẹ bá yàgbẹ́ sí i lórí, wọ́n á wòkè títí, àfi bíi pé wọ́n fẹ́ mọ ilé ẹyẹ náà.

Lọ́dún tó kọjá, dókítà yẹ ojú wọn wò. Ó ní ojú náà ń ti ẹ̀gbẹ́ ṣú wọlé díẹ̀díẹ̀, oògùn lè dá a dúró, àmọ́ èyí tó ti lọ ti lọ nìyẹn, kí wọ́n má ṣe wa ọkọ̀ mọ́. Bàbá dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ dáadáa. A délé, wọ́n wọnú ọkọ̀, wọ́n fi bọ́ńpà ẹ̀yìn gbá ògiri ilé ìdáná. Kí n tó sáré débẹ̀, wọ́n ti fi ti iwájú gbá táǹkì omi. Bí èmi ọmọ wọn obìnrin ṣe gba kọ́kọ́rọ́ nìyẹn. Èmi ni mò ń wa ọkọ̀ náà báyìí, pákó ni mo fi ń kó fún àwọn káfíńtà.

Láràárọ̀, kí n tó jáde, wọ́n á kọ́kọ́ jókòó sídìí sitiárìn láìsí kọ́kọ́rọ́. Wọ́n á gbọ́wọ́ lé jíà, wọ́n á máa ka ọ̀nà sókè. “Kọ́nà ilé-epo rèé. Afárá onírin rèé. Ibi tí kùrukùru máa ń bolẹ̀ rèé, rọra.” Àárò ọ̀nà ń sọ wọ́n. Wọ́n sọ ọ́ fún ìyá mi bẹ́ẹ̀ gan-an lọ́jọ́ kan, wọn ò tijú rárá.

“Àárò ọ̀nà ń sọ mí, ìyá ọmọ mi. Ó ń dùn mí nínú egungun.”

Ìyá mi, tó ń ṣerun ní ṣọ́ọ̀bù iwájú ilé, ò tilẹ̀ gbójú sókè. “Gbogbo ọdún tí mo fi ń dúró dè yín nílé ńkọ́? Ṣé ẹ ò mọ̀ pé àárò yín ń sọ èmi náà nígbà yẹn ni?”

Bàbá rọra jáde kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì, wọ́n ṣáà tún jókòó sídìí sitiárìn.

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni wọ́n pè mí jókòó. Wọ́n ní àwọn làwọn ha bọ́ńpà méjèèjì, àwọn náà làwọn máa tún un ṣe. Àwọn máa ra sítíkà ńlá tí wọ́n fi ń wé ọkọ̀, èyí tó bá ara ọkọ̀ mu, àwọn sì máa fọwọ́ ara àwọn wé e. “Bí o bá rí àbùkù kan ṣoṣo níbẹ̀, mi ò ní bèèrè kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ ẹ mọ́ láéláé. Bí o ò bá rí, o máa dá a padà fún mi.”

Mo gbà. Kí n má purọ́ fún yín, ohun tó jẹ́ kí n gbà ni pé mo mọ̀ pé wọn ò ní lè ṣe é. Bọ́ńpà ló le jù láti wé lára ọkọ̀. Ó tẹ̀ wọlé níhìn-ín, ó yọ síta lọ́hùn-ún, ihò iná tún wà níbẹ̀. Àwọn tó ń fi iṣẹ́ yìí jẹun gan-an máa ń ráhùn níbẹ̀.

Nígbà tá a dé ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ní kí n dúró sínú ọkọ̀, àwọn kì í ṣe ọmọdé. Nígbà tá a padà délé, wọ́n tú bébà tí wọ́n fi di í. Búlúù ni ọkọ̀ wa. Àwọ̀ àlùkò, tó pọ́n díẹ̀ ju búlúù lọ, ló jáde nínú bébà yẹn, ojú Bàbá ò sì fi ìyàtọ̀ hàn wọ́n.

“Wò ó bó ṣe bára mu,” ni Bàbá wí, wọ́n ń fọwọ́ ra á bí aṣọ tuntun.

Bí mo bá sọ̀rọ̀, wọ́n á lọ pààrọ̀ ẹ̀. Bí mo bá dákẹ́, àbùkù ti wà nílẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ sì di tèmi. Ni mo bá dákẹ́. Ìyá mi jáde wá, wọ́n wo sítíkà, wọ́n wo ojú mi, mo mi orí pé kí wọ́n má sọ ọ́. Wọ́n padà sídìí irun tí wọ́n ń ṣe.

Ọjọ́ mẹ́ta ni Bàbá fi ṣe é. Wọ́n fọ bọ́ńpà, wọ́n fi sípíríìtì nù ún, wọ́n lọ yọ díráyà tí ìyá mi fi ń gbẹ irun kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, oníbàárà jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú irun tútù. Wọ́n á fi díráyà mú sítíkà gbóná títí á fi rọ̀, wọ́n á rọra nà án. “Bí o bá fà á jù,” wọ́n ń kọ́ mi, “ó máa sún padà, á sì ṣí tó bá dọ̀la.” Ike pẹlẹbẹ tí wọ́n wé aṣọ mọ́ ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ láti àárín lọ sí etí. Lẹ́yìn náà ni mo rí i tí wọ́n di ojú méjèèjì, tí wọ́n wá ń fi orí ìka wá ibi tí afẹ́fẹ́ há sí. Ibi tí wọ́n bá ti rí i, wọ́n á fi abẹ́rẹ́ gún un, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ jáde. Igun kan hunjọ mọ́ wọn lọ́wọ́ lọ́jọ́ kìíní, wọ́n bó gbogbo ẹ̀, wọ́n gé òmíràn. Mo dúró lẹ́yìn wọn, mo sì ń bẹ Ọlọ́run kí iṣẹ́ náà dára. Èmi tí mo dákẹ́ lórí àwọ̀ yẹn náà ni o. Ojú tì mí.

Nígbà tí wọ́n parí, mo dùbúlẹ̀ sínú iyẹ̀pẹ̀ wo abẹ́ ẹ̀, mo wo gbogbo etí, mo wo ihò iná. Mi ò rí ibi kankan tó wú, mi ò rí ibi tó hunjọ. Mo dìde, mo gbọn ẹ̀yìn aṣọ mi.

“Kí lo rí?”

“Iṣẹ́ yín dára gan-an, Bàbá. Mi ò rí irú ẹ̀ rí.”

“Mo mọ̀. Ọwọ́ mi ti sọ fún mi.” Wọ́n nu ọwọ́ wọn pẹ́. “Àwọ̀ ẹ̀ ńkọ́?”

Mo lè purọ́, wọ́n á gba kọ́kọ́rọ́, inú wọn á dùn títí wọn á fi dé kọ́nà àkọ́kọ́.

“Àlùkò ni, Bàbá.”

“Àlùkò.” Wọ́n gbọ́wọ́ lé bọ́ńpà. “O ti mọ̀ látọjọ́ tá a tú u?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ má bínú.”

Wọn ò bínú, ì bá sàn kí wọ́n bínú. Àtìgbà tí mo ti gba kọ́kọ́rọ́ ni mo ti ń bẹ Bàbá pé kí wọ́n máa bá mi jáde. Ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé àwọn kì í ṣe èrò ọkọ̀. Wàyí o, wọ́n fọwọ́ tọ ara ọkọ̀ lọ sí ilẹ̀kùn òdìkejì, wọ́n ṣí i, wọ́n wọlé. Wọ́n wá bẹ́líìtì ìjókòó títí, torí wọn ò mọ ibi tó wà ní ẹ̀gbẹ́ yẹn.

Mo wọlé sídìí sitiárìn, mo yí kọ́kọ́rọ́.

“Gbé mi dé afárá,” ni wọ́n wí. “Ohunkóhun tó bá wà lójú ọ̀nà, máa sọ ọ́ fún mi.”

A dé ẹnu títì.

“Ìyá kan ń bọ̀ láti apá ọ̀tún, Bàbá. Ó pọn ọmọ.”

“Jẹ́ kó kọjá.”

Mo dúró, mo sì jẹ́ kó kọjá.