Tíkẹ́ẹ̀tì Ìyá Àgbà ní Igbó Ọba

Ọjọ́ tí Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, sanwó kó tó lè sùn ní abúlé tí wọ́n bí i sí ni ọjọ́ tí n kò lè gbàgbé láé.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, bàbá mi fi mọ́tò gbé wa láti Kìṣí lọ pàgọ́ nínú igbó ọba. Abúlé Ìyá Àgbà ló wà níbẹ̀ kí ìjọba tó gbà á. Bí a ṣe dé ẹnu géètì, ẹ̀ṣọ́ kan jáde sí wa.

"Ẹ káàbọ̀, Màmá. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì àbáwọlé àti ti àgọ́."

Ojú Ìyá Àgbà yí padà. "Ta lo ń kí káàbọ̀? Ilé mi rèé!"

Bàbá mi bẹ̀ ẹ́ títí. Níkẹyìn, Ìyá Àgbà san ti gbogbo wa fúnra rẹ̀, ó sì bọ́ síwájú. "Mo sanwó o, ṣùgbọ́n èmi kì í ṣe àlejò."

Ẹ̀ṣọ́ náà tẹ̀ lé wa, nítorí bí òfin wọn ṣe wí nìyẹn. Ìyá Àgbà ń la koríko lọ, kò sinmi, títí ó fi dé ìdí igi oṣè ńlá kan. Ó tu koríko ibẹ̀, ni ọlọ ìyá rẹ̀ bá yọ.

"Ibi ìdáná wa rèé!" Igbe rẹ̀ lé àwọn ẹyẹ dànù lórí igi. Ó jókòó ti ọlọ náà, ó kọjú sí ẹ̀ṣọ́, ó sì ń wò ó.

Ẹ̀ṣọ́ ṣí fìlà, ó dọ̀bálẹ̀ nínú koríko. "Ẹ kúulé o, Màmá."

"Káàbọ̀, ọmọ mi. Jókòó, kí n fún ọ lómi."

Inú àgọ́ ni gbogbo wa sùn mọ́jú, ṣùgbọ́n ilé ni Ìyá Àgbà sùn.